Kúlà Wọ Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Gbé Ohun Mímu Tiwa Lọ Gbafẹ́ Lórí Ọ̀sà ní Lekki àti Ajah

Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ háyà ọkọ̀ ojú omi fún wákàtí mẹ́rin, tó ti kó ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí mẹ́wàá jọ fún ọjọ́ìbí, tó sì ti búra pé òun kò ní ra bíà ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọjà. Ìpinnu náà kò burú. Mo ti ṣe é láti Lekki Phase 1, mo ti ṣe é láti Badore lẹ́yìn Ajah. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó mú owó jáde: ọtí máa ń wúwo lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀. Ó wúwo nígbà tó wà nínú kúlà, ó tún wúwo nígbà tó bá dé orí àwọn tó mu ún. Òṣùwọ̀n wà fún ti àkọ́kọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní òṣùwọ̀n, òun sì ni mo bẹ̀rù jù.

Ohun mímu tí mò ń sọ kì í ṣe ọtí nìkan. Omi ló ṣáájú. Lórí ọ̀sà, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí yín lára, ẹ kò ní mọ̀ pé ẹ ń làágùn, ọtí á sì tún máa lé omi jáde lára yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tí orí fọ́ lọ́jọ́ kejì ìgbafẹ́, òùngbẹ wà lára ohun tó fà á.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Kúlà méjì, oní-lítà 25 sí 30. Ẹ má gbé ńlá kan ṣoṣo. Ọ̀kan fún omi àti ẹlẹ́rìndòdò, èkejì fún ọtí. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Omi inú ọ̀rá, àpò méjì. Ọ̀rá 20 ló wà nínú àpò kan, 50cl ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àpò kan jẹ́ kílò 10.

Ife ike tó le, tí a lè fọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ oníkálukú sí i lára. Ẹ fi ife gíláàsì sílé. Ẹ fi ife fóòmù funfun náà sílé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin dè é láti oṣù Kìíní ọdún 2024.

Rọ́bà táyà tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, mẹ́rin. Kò sí okùn tó dára jù ú lọ fún dídi kúlà mọ́ ẹsẹ̀ àga ọkọ̀.

Ìṣígò méjì, nítorí pé ọ̀kan máa bọ́ sómi. Àpò ìdọ̀tí méjì tó nípọn. Tówẹ́ẹ̀lì kan fún nínu ilẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀ fún fóònù. Tí àgbàlagbà tàbí ọmọdé bá wà nínú yín, ẹ fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà sínú ike kan, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀mùtí kankan mọ ibi tó wà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi ọlọ́kọ̀

Ibí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe máa pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ọlọ́kọ̀ pín sí. Àwọn kan kò bìkítà: tí ẹ bá ti san owó wákàtí yín, ẹ lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ wọlé tí ẹ bá fẹ́. Àwọn kejì gbà kí ẹ gbé e wá, ṣùgbọ́n wọ́n á gba owó lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní corkage ní gbọ̀ngán àpèjẹ. Ó lè jẹ́ lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ iye kan lápapọ̀. Àwọn kẹta ní ilé ọtí tiwọn nínú ọkọ̀, wọn kò sì ní gbà ju kéèkì àti ìgò ṣanpéènì kan fún ọlọ́jọ́ìbí. N kò dá wọn lẹ́bi. Epo ọkọ̀ kì í ṣe kékeré, èrè inú bíà ni wọ́n fi ń dí i.

Ohun tí mo máa ń kọ sí ọlọ́kọ̀ lórí WhatsApp nìyí, ẹ lè dà á kọ:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Àwa mẹ́wàá là ń bọ̀. Kúlà méjì la fẹ́ gbé wọlé, àpapọ̀ rẹ̀ tó kílò 40. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Ṣé a máa san nǹkan kan lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí owó ọkọ̀? Ṣé ìgò lè wọlé àbí agolo nìkan? Èrò mélòó ni ìwé ọkọ̀ yín fàyè gbà, ṣé láìfù jákẹ́ẹ̀tì sì kárí gbogbo wa? Ṣé ilé ìtọ̀ wà nínú ọkọ̀?"

Ẹ má fẹnu sọ ọ́ lórí fóònù kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, a dé èbúté pẹ̀lú kúlà wa, àdéhùn sì ti wà pé kò sí owó lórí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní òun kò mọ àdéhùn kankan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgò. Ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Oòrùn ń pa wá, àlejò ń wò wá, a san án. Láti ọjọ́ náà, ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, n kò kà á sí àdéhùn.

Tí ọlọ́kọ̀ bá yára dáhùn ọ̀rọ̀ owó ṣùgbọ́n tó ń fò ọ̀rọ̀ iye èrò àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ọkọ̀ míràn. Àjọ tó ń mójú tó omi Èkó, LASWA, ti wà láti ọdún 2008. Ọkọ̀ èrò tó tọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ èrò sínú ìwé kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ọkọ̀ èrò lásán, irú èyí tó ń ná Badore sí apá Ìkòròdú, kì í ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ẹ lè gbé ọtí yín kọjá níbẹ̀ bí ẹrù, ní dídì, láìṣí i. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kò bá yín ṣe ọjọ́ìbí.

Àwọn ará wa tó wà ní Houston, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ òkun ńlá láti Galveston, mọ̀ pé tibẹ̀ yàtọ̀. Bí àpẹẹrẹ, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Carnival, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè mú ìgò wáìnì tàbí ṣanpéènì kan wọlé, 750ml, tí a kò tíì ṣí, nínú ẹrù ọwọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó tún lè mú agolo ẹlẹ́rìndòdò 12. Ọtí líle kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Àwọn kan máa ń rọ jíìnì sínú ike omi ìfọnu. Ẹ má ṣe é. Wọ́n ti rí i rí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé níbẹ̀, òfin ti wà nínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹnu ọlọ́kọ̀ ni òfin wà, ẹ̀yin lẹ máa fà á jáde.

Ẹ ṣírò rẹ̀ ní kílò

Ẹ mú ènìyàn mẹ́wàá, wákàtí mẹ́rin. Ọ̀rá omi mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: àpò méjì, kílò 20. Agolo ẹlẹ́rìndòdò 24: bíi kílò mẹ́jọ. Agolo bíà 33cl méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 20 lápapọ̀: kílò méje. Ẹ fi kúlà méjèèjì fúnra wọn kún un, ó ti kọjá kílò 40, a kò sì tíì dárúkọ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ọmọ ilé ìwé kan ti jókòó sáàárín yín tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé èrò. Tí ọkọ̀ bá gba èrò 12 tí ẹ̀yin sì jẹ́ 12, kúlà yín ni èrò kẹtàlá. Ẹ dín ènìyàn kù tàbí kí ẹ dín ẹrù kù.

Agolo ni kí ẹ rà, ẹ fi ìgò sílẹ̀. Kíréètì kan, ìgò 60cl 12, tó bíi kílò 15, gíláàsì ló sì pọ̀ jù nínú ìwúwo yẹn tí a bá yọ ọtí inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Bíà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú agolo kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìgò tó bá fọ́ sórí ilẹ̀ ọkọ̀ fáìbà tún ń fọ́n ká bí iyọ̀, gbogbo ènìyàn sì ti bọ́ bàtà.

Agolo bíà méjì péré? Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ahun ni mí. Ara àgbàlagbà máa ń lò tó wákàtí kan, nígbà míràn jù bẹ́ẹ̀, kó tó borí agolo kan. Ẹni tó bá fẹ́ mu mẹ́fà, kó dúró de orí ilẹ̀. Lekki kò ṣaláìní ilé ọtí.

Ọtí líle, n kì í gbé e wọ ọkọ̀ kékeré. Tí ẹ bá ń lọ sùn ní Ìlaṣẹ̀, ẹ di ìgò náà pa mọ́ sínú báàgì títí ẹ ó fi dé ilé etíkun. Ògógóró tí ẹ kò mọ ẹni tó pọn ọ́n, ẹ má tilẹ̀ rà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Orí fọ́ wọn, ojú wọn ṣú, ọ̀rọ̀ di kòbákùngbé. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sà, báwo lẹ ṣe máa yára dé ilé ìwòsàn?

Rírà, dídì àti títò

Ẹ rà á ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ní ọjà Ajah tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ fọwọ́ kan ìdérí wáìnì. Èyí tó bá ń yí wẹ́rẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti ṣí i rí, ẹ dá a padà.

Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ sun inú fíríìjì mọ́jú. Agolo tó gbóná máa ń jẹ yìnyín bí ẹni jẹ àkàrà. Níbi tí ẹ kò bá ní iná tó dúró, ẹ gbé e fún ẹni tó ní yàrá tútù ládùúgbò, ẹ fún un ní owó díẹ̀.

Àpò omi kan nínú méjèèjì, ẹ dì í di yìnyín. Òun ni yìnyín yín. Yìnyín bulọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà dára fún títu ìta agolo, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, kò gbọdọ̀ wọnú ife. Ọ̀rá omi tó dì kò ní ìṣòro yẹn: ó ń tu agolo nínú ní aago méjìlá, ó ti di omi mímu ní aago mẹ́ta.

Ẹ tò ó báyìí: ọ̀rá tó dì nísàlẹ̀, agolo láàárín, ọ̀rá tó dì lórí. Kúlà ọtí kò gbọdọ̀ ní omi nínú yàtọ̀ sí yìnyín, kúlà omi kò sì gbọdọ̀ ní ọtí. Ìdí tí mo fi pín wọn nìyí: omi gbọ́dọ̀ wà ní ìta gbangba fún ẹnikẹ́ni láti mú nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa ṣí kúlà ọtí. Kúlà kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, gbogbo ènìyàn lolórí rẹ̀. Ọmọdé tó wá omi á bá bíà pàdé.

Sóbò àti kunu tí a ṣe nílé, ẹ rọ wọ́n sínú ike kéékèèké, kí wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó bá ti gbóná nínú oòrùn, ẹ dà á nù, ẹ má tọ́ ọ wò.

Ẹmu ní tirẹ̀ kì í sinmi. Ó ń hó lọ nínú kẹ́ẹ̀gì bí ẹ ti ń wa mọ́tò lọ, gáàsì rẹ̀ á sì máa wá ọ̀nà àbáyọ. Mo ti dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì ẹmu pinpin rí nínú búùtù mọ́tò. Kí a tó kọjá Langbasa, ó ta ìdérí nù, oṣù kan gbáko ni mọ́tò náà fi ń rùn bí abẹ́ ọ̀pẹ. Ẹ dé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má kún un dẹ́nu, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kí yìnyín sì yí i ká. Ẹ gbá ẹnu kẹ́ẹ̀gì mọ́, nítorí oyin.

Láti ilé dé inú ọkọ̀

Ọjọ́ Sátidé, òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lè fi wákàtí méjì gbà yín láti Ajah dé Lekki Phase 1. Ẹ fi yìnyín sí kúlà kẹ́yìn, nígbà tí mọ́tò ti ń dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í mu nínú gosiló. Ẹni tó dé èbúté pẹ̀lú agolo mẹ́ta nínú ti mu ìpín rẹ̀ tán, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín.

Kí gbogbo yín lo ilé ìtọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ má fojú kéré èyí. Ọkọ̀ kékeré kò ní ilé ìtọ̀, ọtí bíà sì ń yára dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó lọ dúró sí etí ọkọ̀ láti tọ̀, ọwọ́ kan lára ṣòkòtò, ọwọ́ kejì lára ife, ìrugùdù omi kékeré kan ló kù kó bọ́ sínú ọ̀sà. Tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ẹ ní kí awakọ̀ dúró sí èbúté tó súnmọ́ jù.

Ènìyàn ló ń kọ́kọ́ wọlé, tí láìfù jákẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́rùn, tí ìdè rẹ̀ sì ti dì. Kúlà ń tẹ̀lé, láti ọwọ́ ẹni tó wà ní èbúté sí ọwọ́ ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ẹ má gbé kúlà dání kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan sí ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan sí pákó. Ọkọ̀ á sún, ẹsẹ̀ á ya.

Ẹ bi awakọ̀ pé, "Kápítẹ́ẹ̀nì, níbo lẹ fẹ́ kó wà?" Òun ló mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń tẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, á ní kó wà nílẹ̀, láàárín, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ fi rọ́bà dì wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ àga. Kò gbọdọ̀ sí kúlà lórí àjà ọkọ̀. Àṣìṣe tí mo rí jù ni ti kúlà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: tí ọkọ̀ bá dé abẹ́ afárá Lekki sí Ìkòyí, gbogbo ènìyàn á sáré síbẹ̀ láti ya fọ́tò, kúlà, olùfọ́tò àti olóríire á wá wà lójú kan náà, ọkọ̀ á fi ẹ̀gbẹ́ kan lá omi.

Nígbà tí ẹ bá ti wà lórí omi

Ẹni méjì ni kò gbọdọ̀ mu rárá lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan jẹ́ olùtọ́jú kúlà ọtí, ẹ yan ẹni tí gbogbo yín ń bẹ̀rù díẹ̀. Àbúrò ìyá mi kan ló máa ń ṣe é fún wa, kò sí ẹni tó lè sọ fún Àǹtí pé agolo kẹta ni òun ń gbà. Ẹnì kejì jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, tí fóònù rẹ̀ ti gba agbára, tó mọ nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 àti 112, lórí. Awakọ̀ kò sí lára àwọn méjì yìí, nítorí pé ti tirẹ̀ kò la àríyànjiyàn lọ: ẹ fún un ní omi tútù àti jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ di bíà tirẹ̀ fún un kó gbé e relé. Tí ẹ bá rí ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Agolo kan, lẹ́yìn náà ọ̀rá omi kan. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí ife gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́, kí gbogbo ènìyàn sì jókòó. Tí ẹ bá ń sọdá sí Tarkwa Bay, ẹ ń gba ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọ Àpápá. Ìgbì tí ọ̀kan nínú wọn bá tì sílẹ̀ máa ń dé bá yín lẹ́yìn tó ti kọjá, nígbà tí ẹ ti gbàgbé rẹ̀. Lápá Badore, àwọ̀n apẹja, òpó àkájà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti kó ẹja jọ, ọkọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn, àti gẹdú tó ń léfòó ló wà níbẹ̀. Koríko orí omi tó ti orílẹ̀-èdè Benin wọlé ní nǹkan bí ọdún 1984 tún máa ń wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ á dẹ̀ ẹ́ lójijì, ẹni tó wà lórí ìdúró á fi ojú lulẹ̀. Ọ̀rá omi tí ẹ bá jù sínú ọ̀sà ń ṣe iṣẹ́ koríko yẹn gan-an sí ẹ́ńjìnnì ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti mu kò gbọdọ̀ wẹ̀, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ẹ má sì bọ́ láìfù jákẹ́ẹ̀tì nítorí fọ́tò. Lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa Junior Pope, òṣèré Nollywood, ní agbègbè Anam ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, fídíò rẹ̀ nínú ọkọ̀ tàn káàkiri, kò sí láìfù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn kì í ba aṣọ ẹbí jẹ́; a ti lo ọsàn gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ aṣọ ẹbí rí, fọ́tò náà sì dára.

Ẹ padà kí oòrùn tó wọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọkọ̀ kan tó gbéra láti Mile 2 lálẹ́ dojú dé, ènìyàn tó kú lé ní mẹ́wàá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi wákàtí kan kún un nítorí pé ọtí ṣì kù, ẹ rántí pé ọtí yín ni, ẹ lè mu ún nílé.

Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀

Ènìyàn kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dúró mọ́ láàárín àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dúró. Lẹ́yìn náà kúlà. Ẹ ka agolo: 44 ló wọlé, 44 ló yẹ kó jáde, nínú àpò ìdọ̀tí tàbí nínú kúlà. Èyí tó dín ti wà nínú ọ̀sà tàbí lábẹ́ àga, ẹ wá ti abẹ́ àga. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣa agolo wà ní ọ̀pọ̀ èbúté, ẹ kó o fún wọn.

Tí ẹ bá ṣe agídí tí ẹ gbé ìgò wá náà, ẹ má fún wọn ní ìyẹn. Ìyá tó tà á fún yín ní Ajah ti gba owó lórí òfìfo, kíréètì gbọ́dọ̀ pé 12 kó tó dá a padà, ó sì ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní aago mẹ́jọ.